Ẹ Wo Fọ́tò Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́

Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi kí oúnjẹ tó dé. Àbúrò mi kan ló pè mí wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọlúàbí èèyàn ni tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó ní ọgbà. Mo ti fọwọ́, mo ti jókòó, ló bá na fóònù sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo èyí ná." Ẹ̀wà ni mo rí, irú èyí tí wọ́n ń jẹ tòun tèèpo rẹ̀, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ àlùkò, ó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á lára. Mo ní ó dáa. Ó tún fi ìka fa òmíràn wá, èyí tí ìrì sẹ̀ sí lára. Ó fa òmíràn, èyí tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ funfun bí ọmọ tuntun. Nígbà tó fi máa di fọ́tò kẹsàn-án, inú mi ti ń kùn bíi mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná.

Abọ́ wá dé. Ẹ̀wà inú rẹ̀, àwọ̀ ewé ni, bíi ti gbogbo ayé.

"Ṣé òun náà nìyí?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Iná ló pa á láwọ̀ dà."

Anthocyanin ni wọ́n ń pe aró inú rẹ̀. Ó ń yòrò sómi, ooru sì ń bà á jẹ́; tó bá ti lọ tán, àwọ̀ ewé tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ á yọjú. Ìyẹn ni pé àbúrò mi fi nǹkan bí oṣù méjì bomi rin ẹ̀wà àlùkò, kó lè rí ẹ̀wà aláwọ̀ ewé jẹ. Mi ò bú u o. Mo kí i kú iṣẹ́. Irú ọgbọ́n tó jìn báyìí, kò sí nínú ìdílé wa tẹ́lẹ̀.

Àwọn àlejò yòókù ń dé, fóònù sì ń tẹ̀lé abọ́ lọ́wọ́ kan sí ìkejì, bí ìgbà tí wọ́n ń fi àwòrán olóògbé han àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn: "Bó ṣe rí nígbà ayé rẹ̀ nìyí." Ẹnì kan pẹ́ dé, oúnjẹ ti tutù, wọ́n tún ṣí fóònù. Ìyàwó àbúrò mi, tí mo rò pé orí tiẹ̀ pé, dìde lọ sílé ìdáná, ó gbé omi tí wọ́n fi sè é jáde nínú ife dígí, ká lè rí i pé àwọ̀ ọ̀hún kò kú pátápátá. Omi náà rí bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ tó ń ṣí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ní ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè jẹ ẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ má lọ ni. Àbúrò mi ní ó wà, ká jẹ ẹ́ ní tútù. Mo bi í pé ṣé ewúrẹ́ ni mo jọ lójú ẹ̀.

Ló bá kọjú sí mi, ó fẹ́ kọ́ mi nítàn. Ó ní kárọ́ọ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí mo ń gbé gẹ̀gẹ̀, ọmọ àná ni. Pé àlùkò àti yẹ́lò ni kárọ́ọ̀tì ní agbègbè Afghanístàn ní ohun tó lé ní 1000 ọdún sẹ́yìn, pé nǹkan bíi 1600 sí 1700 ni aláwọ̀ ọsàn gbilẹ̀ ní Nẹ́dálándì. Mo délé, mo wá a wò kí n lè fi já a nírọ́. Òótọ́ ni. Ó dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bó èèpo ọ̀pọ̀ kárọ́ọ̀tì àlùkò tí wọ́n ń tà lónìí, ẹ wo ohun tó wà nínú: ọsàn!

Tòmátì dúdú wá ńkọ́? Èyí tí Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2012, Indigo Rose, ibi tí oòrùn bá ràn sí nìkan ló ń dú. Ó ti dúdú tipẹ́ kó tó pọ́n, nítorí náà ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí i padà, kí ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ ìdí ọmọ wò: bó bá ṣì tutù, kò tíì tó, bó bá pupa, ó tó. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ká tòmátì. Mo kéré, mi ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n pupa ń pè mí láti ìloro. Bí mo bá ká èyí tí kò tíì pọ́n, ìgbájú ni. Ta ló fẹ́ gbá ta létí lórí tòmátì dúdú?

Wọ́n á ní inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi! Mo ti ra irúgbìn strawberry aláwọ̀ búlúù rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí strawberry búlúù láyé yìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pa á láró. Mo gbìn ín, ó hù, mo fi odindi oṣù mẹ́ta bomi rin koríko. Mo tún ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹyẹ má baà jẹ koríko mi. Ẹni tó tà á fún mi kò dá mi lóhùn títí dòní.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin onígbàgbọ́ àlùkò, kí ló ṣe àwọ̀ ewé tí ẹ fi ń bá a ṣọ̀tá? Àǹfààní kan ṣoṣo ni mo gbà fún yín: ẹ̀wà àlùkò kì í fara pamọ́ sáàárín ewé, ẹni tó ń ká a ń tètè rí i. Ó tán. Kò burú, ẹ gbìn ín, ẹ wò ó, ẹ fi yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ebi wá wo fọ́tò!

Lánàá ló tún pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, cauliflower, ìbátan kábéèjì yẹn, ti so o, àlùkò ni!" Mo ní kó má wulẹ̀ dáná. Kó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo máa jẹun nílé kí n tó wò ó.