Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ gàdàgbà
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìròyìn yìí jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya pósítà ìwọ́de láti fi tako ìròyìn òfegè, inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ pósítà tẹ́ ẹ fi hàn wá yẹn ń kọ mí lóminú, irọ́ tí wọ́n fẹ́ tako gan-an ni wọ́n kọ gàdàgbà sáàárín, "kì í ṣe òótọ́" wá kéré bíńtín nísàlẹ̀, tẹ́nì kan bá gé ìsàlẹ̀ kúrò lórí fóònù tó sì jù ú sórí WhatsApp, irọ́ náà ló kù tó ń rìn káàkiri yẹn. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kó tóbi débi pé ẹni tó wà nínú dánfó á rí i kà, tẹ́ ẹ bá sì lo fọ́tò, kẹ́ ẹ kọ déètì tí wọ́n yà á sórí fọ́tò gan-an, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣebí nígbà EndSARS, ìwọ́de táwọn ọ̀dọ́ fi tako ọlọ́pàá SARS ní October 2020, fọ́tò ìwọ́de táwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ṣe l'Ábújá ní March ọdún yẹn ni wọ́n ń pín kiri pé wọ́n ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́, déètì lásán ì bá ti pa irọ́ yẹn. Ti àrùn Ebola 2014 ló tiẹ̀ ń dùn mí jù, omi iyọ̀ tí wọ́n ní ká mu ká tún fi wẹ̀ kí àrùn náà má bàa mú wa, àwọn kan kú sí i, àtẹ̀jíṣẹ́ ló gbé e wọlé tọ àwọn èèyàn wa lóru! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ pósítà yẹn ní Yorùbá pẹ̀lú, kẹ́ ẹ fi àmì sí i dáadáa, fóònù àwọn ìyá wa lọ́jà náà nirọ́ yìí ń wọ̀.