Ẹ San Owó Ìwọ̀n fún Àwọn Olùwádìí Èkìtì

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Adó tàbí ní Ọyẹ́ lè fi ohun èlò tí kò wọ́n fín èròjà sórí gíláàsì gbígbóná títí yóò fi di ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí a fi ń ṣe àwọn pánẹ́ẹ̀lì sólà kan, tí nínípọn rẹ̀ lè má tó ìdá kan nínú àádọ́ta ti irun orí. Ṣíṣe rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí a wọ̀n sínú ìgò kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sì rí ibi wọn ìbòrí náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa iye irin copper tàbí indium tó wà nínú rẹ̀. Èrò wa ni pé kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti àwọn aláṣẹ yunifásítì máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwọ̀n yìí, kí àwọn olùwádìí wa lè gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀rọ Pelletron tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.7 fólítì, èyí tí ń mú ion, ìyẹn átọ́ọ̀mù tí ó ní iná lára, sáré kọlu ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ju òkúta wẹ́wẹ́ lu àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé yóò ta padà tagbáratagbára. Bí ó bá lu òkúta tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, òkúta kejì yóò gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ion helium, gáàsì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ fúyẹ́: bí ó bá ta padà gbọnrangandan lára góòlù, nǹkan bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni yóò kù, lára silicon, 56, lára oxygen, 36. Agbára tó gbé padà ń sọ irú átọ́ọ̀mù tí ó bá pàdé, iye ion tó padà ń sọ bí átọ́ọ̀mù náà ti pọ̀ tó, èyí tí ó sì pàdánù lọ́nà ń sọ bí ó ti wọlé jìn tó. Lára góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní Manchester ni àwọn onímọ̀ físíìsì Geiger àti Marsden ti rí irú ìtapadà yìí ní 1909. Ní 1967, Surveyor 5, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tí kò gbé ènìyàn, fi ọgbọ́n kan náà yẹ erùpẹ̀ òṣùpá wò. Ó dùn wá pé ohun tí a ti gbé dé òṣùpá ṣì jìnnà sí ọmọ Èkìtì, nígbà tí Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Àwọn kan yóò ní kí Èkìtì ra ẹ̀rọ tirẹ̀. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú, ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ní, torí ẹ̀rọ náà ní ààlà: ion helium kò lè ta padà lára hydrogen tí ó fúyẹ́ jù ú lọ, ẹni tí kò bá sì mọ èyí yóò ka àbájáde rẹ̀ ní àkàgbé.

Nítorí náà, kí owó náà kárí ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gbé òṣìṣẹ́ méjì láti yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀ fún odindi ọdún kan. Inú ìṣúnná owó ọdún tó ń bọ̀ ni a fẹ́ rí i.