Ta ló ní ẹlẹ́tàn nìkan ló ń lo Bcc?

Ó ti di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ímeèlì ṣiṣẹ́ pé iṣẹ́ alábòsí ni Bcc, àyè tí a ti ń fi orúkọ ẹni tí à ń kọ̀wé sí pa mọ́. Wọ́n á ní ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ kò ní nǹkan tó fẹ́ fi bò. Kó to gbogbo àdírẹ́sì sí To tàbí Cc, àwọn àyè tó hàn síta, kí kálukú rí ẹni tí wọ́n jọ gba ìwé. Ìyẹn lọmọlúàbí lójú tiwọn.

Èmi ò gbà. Bí àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí kò bá mọra wọn, títo àdírẹ́sì wọn síta gan-an ni àìmọ̀wàáhù. Ẹni tó fún yín ní àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ̀yin ló fún, kò fún ọgọ́rùn-ún àjèjì tí ẹ fẹ́ kọ ìwé kan náà sí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ilé ìwòsàn 56 Dean Street ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV, fi lẹ́tà ìròyìn ránṣẹ́ sí èèyàn 781. Inú To ni wọ́n kó àwọn àdírẹ́sì tó yẹ kó wà ní Bcc sí. Nínú wọn, 730 ló gbé orúkọ ẹni tó ni ín jáde lódindi. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní kòkòrò náà, àmọ́ ta ló máa dúró bèèrè? Lẹ́tà ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Orúkọ tó wà lókè rẹ̀ ló tú u. Ní ọdún 2016, àjọ ICO tó ń mójú tó àṣírí aráàlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tó ni ilé ìwòsàn náà san owó ìtanràn £180,000.

Ti iléeṣẹ́ ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún bani lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ará Afghanistan tó ń wá ọ̀nà àbáyọ lọ́wọ́ Taliban, inú To náà ni wọ́n kó wọn sí. Èèyàn méjì tẹ Reply all, bọ́tìnnì tó ń fi èsì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ hàn nínú ìwé, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ibi tó wà fún gbogbo àwọn tó kù. Àpapọ̀ èèyàn tí irú àṣìṣe yìí tú àdírẹ́sì wọn síta jẹ́ 265, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ £350,000. Ká ní Bcc ni wọ́n lò ni, èsì àwọn méjì yẹn ì bá má dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ju ẹni tó kọ̀wé sí wọn lọ, torí Reply all kì í rí ẹni tó wà ní Bcc. (Èyí nìkan tó láti fi gba àwọn tó máa ń kígbe pé “ẹ yọ mí kúrò níbí” sílẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn.)

Bcc kì í sì í ṣe ọgbọ́n àyínìke tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hu. Ó ti wà nínú RFC 822, ìlànà ímeèlì tí wọ́n gbé jáde ní 1982.

Síbẹ̀, ẹ̀sùn àwọn tó kórìíra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan. Bí ẹ bá ń bá ẹlẹgbẹ́ yín fa ọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ wá rọra fi ọ̀gá sí Bcc, ó dà bíi kẹ́ ẹ fi ẹnì kan pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó máa gbọ́ yín. Kì í pẹ́ tú, torí bí ọ̀gá bá lọ ṣèèṣì tẹ Reply all, ẹni tí ẹ ń fi bò fún ló máa rí èsì rẹ̀. Bó bá yẹ kí ọ̀gá mọ̀, ẹ fi sí Cc ní gbangba. Àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń gbọ́ wọn.

Fún èrò púpọ̀, àdírẹ́sì tara yín ni kẹ́ ẹ fi sí To, kẹ́ ẹ kó àwọn yòókù sí Bcc, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí. Ẹ̀tàn dà níbẹ̀? Bákan náà, bí ẹnì kan bá fi ímeèlì fi yín mọ ẹlòmíì, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ pé ẹ ti gbé alárinà yín lọ sí Bcc, kí ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì yín má baà kún àpótí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ohun mìíràn tó lè kó bá èèyàn, ICO ní Bcc nìkan ò tó, torí ọwọ́ lè ṣì í tẹ̀. Ètò tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.