Ṣé Ọ̀tá Nìkan Ni Kí A Pe Akíntọ́lá-takú Níwájú Ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Àbá mi ni pé kí a kọ́ àwọn ọmọ girama pé ewé tí à ń pè ní Akíntọ́lá-takú jẹ́ àjèjì tó ń gba ilẹ̀ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni ó ti ṣẹ̀, inú irúgbìn igi mẹláínà tí a kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó sì fara pamọ́ sí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń bo ọ̀dọ́ kòkó mọ́lẹ̀, bí ó bá sì gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iná kékeré a di ńlá.

Ọmọ Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Bí jíjẹ́ àjèjì bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a ó lé àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kòkó náà lọ, nítorí Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n ti wá. Bàbá mi máa ń sọ pé oko tí Akíntọ́lá bá bò fún ọdún díẹ̀, ẹ̀kan a kú níbẹ̀, ilẹ̀ a sì rọ̀. Bí àdá bá gé wa lọ́wọ́, omi ewé náà ni wọ́n ń fún sí i tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kòkòrò: Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ tata aláràbarà wá. Àwọn àgbẹ̀ wa ti kíyè sí i pé tata ń pọ̀ níbi tí ewé yìí bá pọ̀ sí, wọ́n sì mọ ojú ibi tí ó ń yé ẹyin sí nínú ilẹ̀. Bí a bá wú ẹyin náà síta, oòrùn a pa á. Àwọn onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò wá rí i pé oró kan wà nínú òdòdó rẹ̀ tí tata ń wá kiri, tí ó ń kó sára kí ẹran mìíràn má baà jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ rí i pé wọ́n jọ ń rìn, sáyẹ́ǹsì rí ìdí rẹ̀. Èwo ni ẹ fẹ́ yọ kúrò nínú ìwé ọmọ?

Ìyá Olóko: Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní 1962, wọ́n ní kí Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó takú. Ewé tí a gé, tí a kò hú tigbòǹgbò tigbòǹgbò, tí ó sì tún rú, kò ní orúkọ tó bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Mo gba ti tata àti ti orúkọ, mà á sì fi wọ́n kún iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilẹ̀ láti fi sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ nìkan ni ewé yìí ń sin. Ẹni tó gbin kòkó lórí sarè kan ṣoṣo, ìyà ni ó ń fi jẹ. Ọmọ Àgbẹ̀, ǹjẹ́ bàbá lè wá sọ tẹnu wọn fún àwọn ọmọ, kí èmi náà sì sọ tèmi níwájú wọn?