Ẹ yéé kun síńkì lọ́dà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tún rí i ní èbúté. Ọmọkùnrin kan di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó ń kun sterndrive ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó yọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó dé orí síńkì tuntun, ègé irin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ ọn, ó kun òun náà. Mo ní kí ló dé? "Ẹ̀gbọ́n, kí omi iyọ̀ má baà jẹ ẹ́ ni. Ayédèrú ni ti tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ tó fi jẹ tán." Gbogbo àwọn tó dúró tì í ń mirí. Ó sú mi.

Kí omi lè jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe dè é síbẹ̀! Alumíníọ́mù ni ẹsẹ̀ yẹn, sìtéńlẹ́ẹ̀sì sì ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe pùròpẹ́là. Irin méjì tí kì í ṣe irú kan náà, tí wọ́n fara kanra, tí wọ́n jọ wà nínú omi iyọ̀: bátìrì lẹ ṣe yẹn. Iná á máa rìn láàárín wọn, alumíníọ́mù ni á sì máa jẹ. Síńkì tètè ń jẹ ju alumíníọ́mù lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tì í ṣíwájú. Àkùkọ tí a fi ṣètùtù, ta ló ń retí kó kọ lọ́la? Láti 1824 ni Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ń fi síńkì àti irin gba bàbà ìdí ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ omi òkun.

Èmi náà ti kùn ún rí, lórí ọ̀sà Èkó níbí. Ọ̀dà ara ẹsẹ̀ ń dán, àfi bó ṣe lé róró níbì kan bí awọ tí omi gbígbóná jó. Mo fi ṣúkúdíráfà tọ́ ọ, lẹ́búlẹ́bú funfun bí àtíkè dà sílẹ̀, ihò náà sì gba orí ọmọ ìka mi. Mo tú ọ́ìlì gíà, ó rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Omi ti wọlé.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá ha gbogbo rẹ̀, torí èérún irin tí ti wáyà bá fi sílẹ̀ á tún dá ìjẹ mìíràn sílẹ̀. Wẹ́dà tó mọ alumíníọ́mù dí ihò náà, mo kun páráímà, mo sì fi ọ̀dà tí kò ní bàbà lé e. Kí n tó gbé e sómi, mo yí mítà sí ohm, ìyẹn ibi tó ti ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà, mo fi ẹnu rẹ̀ kan kan síńkì, mo fi ìkejì kan ara ẹsẹ̀. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Kò tilẹ̀ súnra kì. Ọ̀dà ló wà lábẹ́ ibi tí wọ́n de síńkì mọ́! Mo ha á títí irin fi yọ, mo dè é padà, mítà bọ́ sí òdo.

Wọ́n á ní lágbájá kun tirẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan. Ṣé ọkọ̀ tó ń sùn lórí ilẹ̀ ni?

Ó dáa, mo gbà pé síńkì gan-an kọ́ ló bá ọ̀sà wa mu jù. Lásìkò òjò, iyọ̀ omi ibẹ̀ máa ń dínkù, síńkì á fi ìpele bo ara rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àdàlù alumíníọ́mù tó ń jẹ ṣáájú ti ẹsẹ̀ ni mo ń lò báyìí. Ó ti jẹ dé ìdajì, mo sì ti ra èyí tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.