Àtúnṣe: Díìsìkì ẹ̀yìn kì í "yẹ̀"

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp pé ẹni tí díìsìkì ẹ̀yìn rẹ̀ (tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn) bá "yẹ̀" gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, pé bí kò bá sì ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Díìsìkì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀. Èèpo rẹ̀ ló máa ń ya, tí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ síta, tí á sì máa yọ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀ lẹ́nu. Ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ ohun tó yọ yẹn run díẹ̀díẹ̀. Ìrora ọ̀pọ̀ èèyàn á ti rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ló ń mú ẹ̀yìn gan. Ẹ máa rìn níwọ̀n tí ara bá gbà, ẹ lọ rí oníṣègùn fisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara. Kí ẹnikẹ́ni má gun yín lẹ́yìn pé òun fẹ́ ti díìsìkì wọlé o!

Àmọ́ bí ìtọ̀ bá há, tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tí abẹ́ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ sí i, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Irú èyí lè gba iṣẹ́ abẹ kíákíá.