Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní nọ́ọ̀sì?

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa, ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo níbí. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, èmi àti òun ti jọ ń bá ara wa bọ̀ tipẹ́. Wọ́n ta kánópì, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n dá aṣọ ẹbí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti di nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan nínú ìlú yìí ló ti kọ́ṣẹ́, ọdún kan àti ààbọ̀ péré. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A ti ń jẹun nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, màmá àgbà kan, ní orí ti ń fọ́ òun láti àná. Àwọn èèyàn pariwo pé, "Nọ́ọ̀sì wà nílé!" Ọmọ náà sáré wọlé lọ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú rẹ̀ dùn, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ó wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ màmá lápá lórí búbá léèsì. Apá màmá rọ̀ sísàlẹ̀, màmá sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ náà ki ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ bọ etí, ó fẹ́ aṣọ ẹ̀rọ náà, ó tú u, ó wò ó fẹ̀rẹ̀, ó ní, "Màmá, 120/80 ni. Kò sí nǹkan kan."

Mo dìde, torí nọ́ọ̀sì lèmi náà. Mo rọra bẹ màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún un wọ̀n. Mo ká apá búbá náà sókè, mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbé apá wọn lé tábìlì kó lè bá àyà wọn dọ́gba. 178 lórí 106 ni mo bá, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ gan-an. Mo ní kí wọ́n sinmi, mo tún un wọ̀n, kò jìnnà sí i. Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé màmá lọ sọ́sibítù kí àríyá tó parí.

Mo pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, níbi tí ẹnì kankan kò ti lè gbọ́ wa. Mo ní, "Ọmọ mi, kí lo gbọ́ létí tí o fi pe 120/80?" Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mà, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá wa ló ní tí kò bá ti hàn sí wa dáadáa, ká máa kọ 120/80."

Ẹ tún un kà. Kì í ṣe pé ọmọ yìí purọ́ fún wa. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn! Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ ìyá aláṣọ, ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀ pé tí o kò bá mọ̀ bóyá aláìsàn ń kú lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ yá.

Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń lọ ra oògùn wá. Nígbà tó yá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Kò sí ìwé, kò sí olùkọ́, kò sí ìdánwò. Ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ̀ ló ń fi hàn án, ẹni yẹn náà sì wò ó lára ẹlòmíì ni. Lẹ́yìn náà wọ́n dá aṣọ funfun fún un, wọ́n ní ó ti parí. Ọmọ ẹni tó ń sanwó ló tún ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù ni mo ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún iṣẹ́ mi. Nígbà tiwa, ọdún mẹ́ta gbáko la fi kọ́ ọ. Ní báyìí tí wọ́n ti sọ ọ́ di ND àti HND, ó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kọ́kọ́ wẹ ara wa lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ìkọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ ká wẹ aláìsàn. Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n ní kí akẹgbẹ́ mi fi ṣíbí fún mi lóuńjẹ, kí n lè mọ bó ṣe ń rí kí ẹlòmíì máa ti nǹkan sí ọ lẹ́nu nígbà tí o kò tíì gbé ti àkọ́kọ́ mì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí: ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dára, wọ́ọ̀dù pàápàá ló ń kọ́. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró tì ọ́, tó ní, "Síṣítà, kí ló dé tí a fi ń yí bàbá yìí padà ní wákàtí méjì-méjì?", o máa ṣàlàyé fún un pé tí a kò bá yí wọn, ìdí wọn á dégbò, egbò náà á jẹ wọ inú. Lẹ́yìn tí o ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, o kò ní lè fi bàbá náà sílẹ̀ láìyí. Túọ̀ mi kan, ìyẹn olùkọ́ wa, wà nígbà náà, tó bá wọ wọ́ọ̀dù, kò ní kí ẹnikẹ́ni kó tó ṣí aṣọ ìbora, kó wo gìgísẹ̀ aláìsàn bóyá ó ti ń dégbò. Àwọn síṣítà àgbà pàápàá máa ń gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ láìbéèrè orúkọ, láìwo oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tó ń gbà wọlé àti àsìkò rẹ̀, kódà kí aláìsàn náà ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ ìsinmi, ẹ máa mọ̀ nínú wọ́ọ̀dù pé wọn kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ á dẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yà mí lẹ́nu pé UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀ ṣáájú 1957 tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá náà. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé bíríkì kò lè tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ẹni tó bá sì rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá ló máa tún ètò ìlera wa ṣe, kó gbọ́ èyí. Ní 2023, ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, lórí ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya lára ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbímọ. Ike kan tí wọ́n sàmì sí ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá ọmọ, kí agbẹ̀bí lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà dípò kó máa fojú díwọ̀n ọn. Tó bá ti pọ̀, kò ní dúró wò: á fọwọ́ ra ilé ọmọ, á fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì àti èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á fa omi sí i lára, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń pani dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ike àti ọwọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa! Ẹ wá fojú inú wo ike yẹn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa kọ 120/80.

Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ti mú iye àyè tó wà lọ́dọọdún ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti irú wọn kúrò ní 28,000 lọ sí 64,000. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi fẹ́ mọ iye túọ̀ tí wọ́n fi kún un. Bẹ́ẹ̀dì kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá tó rọ̀gbà yí i ká, ta ló ń wo ọwọ́ ta? Àwọn kan á tún dìde báyìí pé London ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ìyẹn. Ní February 2024, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí láti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde ṣe ìwọ́de ní Èkó àti Abuja. Ẹ sanwó tó tọ́ fún wọn ná, kí ẹ tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ìyá ọmọ náà wá bá mi nílé. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ dójú ti ọmọ mi lójú àwọn èèyàn." Mo ní kọ̀rọ̀ ni mo pè é sí. Ó ní ìyẹn kọ́, wíwọ̀n tí mo tún un wọ̀n ló ń dun òun. Mo ní ṣé kí n fi màmá sílẹ̀ kí ẹ̀gbà gbé wọn ni? Kò dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi ná, mà. Lọ́dún tó kọjá tí bàbá wọn dákú ní agogo méjì òru, ṣé nọ́ọ̀sì tó kàwé la bá níbẹ̀? Ọmọdé kan bíi tèmi yìí ni. Òun ló pe dókítà lórí fóònù, òun ló dì wọ́n mú títí dókítà fi dé. Àwọn tí ẹ̀yin kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ibo ni wọ́n wà lóru ọjọ́ náà?"

Mo fẹ́ fèsì pé ọ̀gá ilé ìwòsàn yẹn ni kò fẹ́ san owó tó máa tó nọ́ọ̀sì gidi. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé kò lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní kó mú ìwé WAEC ọmọ náà wá, ká wò ó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì tó wà ní Aṣúbíaró. Ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní Ìṣirò àti Biology. Kò ní Physics, Chemistry rẹ̀ kò wọlé. Ó ní láti tún ìdánwò ṣe, kó ṣe JAMB, lẹ́yìn náà ọdún àti ọdún tí ìyá rẹ̀ á máa fi aṣọ títà san owó ilé ẹ̀kọ́.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: kí wọ́n ti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ yìí pa, kí wọ́n sì fi ojú àwọn tó ń gba owó náà han gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sunday ni mo ti ń rò ó. Tí wọ́n bá tì wọ́n lọ́la, tí àwọn tó yege kò sì tíì tó, tí àwọn tó tó kò dúró, n kò mọ ẹni tí aládùúgbò mi máa bá níbẹ̀ nígbà tí bàbá wọn bá tún dákú.